Àféèrí Ọdẹ: Bí Aṣọ Ìfarapamọ́ Ṣe Rìn Láti Àkùrọ̀ Dé Katangówà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kò sí ẹyẹ tó ń sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò bá wọn jiyàn. Àmọ́ bó bá jẹ́ ti ẹyẹ omi ni, òwe yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́. Ẹyẹ omi kì í dá jẹ̀. Ogún wọn, ọgbọ̀n wọn, á bà sójú omi. Àwọn kan á ki ẹnu bọ ẹrẹ̀, àwọn kan á na ọrùn sókè, wọ́n á máa ṣọ́ ayé. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá ti fura, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Igbe á ta, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ọdẹ á wá dúró sínú omi tó mù ún dé orúnkún bí ẹni tí mọ́tò ìkẹyìn fi sílẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè ọdẹ ẹyẹ omi kò fi yí padà láti ayébáyé: kí ni kí n wọ̀ tí wọn ò fi ní rí mi? Ìtàn ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ ká jọ tọ̀ lónìí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú aṣọ ọdẹ. Sọ̀kòtò kámò tí àwọn kan nínú wa máa ń wọ̀ lọ sí páàtì, inú ìtàn yìí ló ti yọ. Ìgbátí tí ṣọ́jà ń fún ẹni tó bá wọ irú rẹ̀ kọjá níwájú bárékè, inú ìtàn kan náà ló ti yọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú èdè wa. Bí ẹ bá dárúkọ kamufláàjì fún bàbá kan ní Ìgàndò, ṣọ́jà ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ẹ wá ní àféèrí, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọdẹ lẹ bá wá. Àféèrí ni oògùn tí ọdẹ àti jagunjagun ń lò kí ojú má bàa tó wọn. Bóyá ó ń jẹ́ tàbí kò jẹ́, n kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tó bá ti sọ nǹkan lórúkọ ti ronú lé e. Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀ yòókù. Lúgọ, pé kéèyàn fara pamọ́ de nǹkan. Ibùba, ibi tí olúwarẹ̀ ba sí. Ègùn, pẹpẹ tí ọdẹ kàn sórí igi, tó jókòó lé, tó fi ń ṣọ́ ẹran tó ń bọ̀ wá jẹ èso nísàlẹ̀. Nígbà tí mo tò wọ́n sójú kan, mo rí i pé kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ orúkọ aṣọ. Orúkọ ibi ni, orúkọ ìṣe ni, orúkọ oògùn ni. Lójú àwọn baba wa, ilẹ̀ ló ń fi ọdẹ pamọ́. Aṣọ kàn ń bá ilẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀ ni.

Àmọ́ wọ́n wọṣọ o. Kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn tí àwọn obìnrin ń hun nílé, ló bá iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọdẹ mu, torí pé ẹ̀gún kì í tètè fà á ya. Ẹ̀wù ọdẹ, tí wọ́n ń pè ní gbérí, tún wà, tí wọ́n so àdó àti oògùn mọ́ lára. Bí gbérí bá ṣe ń pẹ́ sí ni àwọ̀ rẹ̀ ń ṣú sí: èéfín, oje ewé, ẹ̀jẹ̀ ẹran, òógùn ara, ẹrọ̀fọ̀. Bí ọdẹ bá wọ̀ ọ́ lọ sóde ìgbéyàwó, wọ́n á ní ó dọ̀tí. Nínú igbó, ìdọ̀tí yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Mali náà mọ ọgbọ́n yìí. Wọ́n á fi omi ewé àti èèpo igi rẹ aṣọ, wọ́n á wá fi ẹrẹ̀ odò ya àmì sí i. Aṣọ náà ni gbogbo ayé mọ̀ sí bogolan. Ẹ gbọ́ o: ẹrẹ̀ odò. Aṣọ lọ gba àwọ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀ tí yóò pamọ́ sí.

Ká wá bọ́ sínú àkùrọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọlọ́dà, àkùrọ̀ ni ilẹ̀ etí omi tí kì í gbẹ tán, tí àgbẹ̀ fi ń gbin ẹ̀fọ́, àgbàdo tàbí ìrẹsì nígbà ẹ̀rùn tí oko òkè ti gbẹ. Nígbà òjò, omi á bò ó. Bí omi bá ti bo ilẹ̀ oko, kòkòrò, ọ̀pọ̀lọ́, ẹja wẹ́wẹ́ àti hóró tó já sílẹ̀ nígbà ìkórè á di oúnjẹ ọ̀fẹ́. Oúnjẹ yẹn ni ẹyẹ omi ń tẹ̀lé wá. Àwọ̀ ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kẹfà, gbogbo rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, koríko àti ewé kókò á ga. Nígbà tó bá fi máa di oṣù Kejìlá, koríko á ti pọ́n, igi àgbàdo gbígbẹ á dúró kọ́lọkọ̀lọ, omi á fà, ẹrẹ̀ dúdú á yọ. Ẹni tó bá wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tútù dúró sáàárín koríko gbígbẹ, òun fúnra rẹ̀ ló ké pe ẹyẹ pé èmi rè é.

Ojú ẹyẹ pàápàá kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ojú wa. Ojú èèyàn ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó ń dá àwọ̀ mọ̀. Ti ẹyẹ jẹ́ mẹ́rin. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tí òyìnbó ń pè ní mallard, ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, ó sì ń rí iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn láì yí ọrùn rárá. Nítorí náà, àwọ̀ aṣọ nìkan kọ́ ló ń tú ọdẹ fó. Iwájú orí tó ń dán, àtẹ́lẹwọ́ tó ràn yànràn, ìbọn tó kọ mọ̀nà, àti jù gbogbo rẹ̀ lọ, ara tí kò gbéjẹ́ẹ́. Ẹni tó wọ àkísà tó sì dúró bí òkúta sàn ju ẹni tó wọ kámò olówó iyebíye tó ń yún ara lọ. Ẹ rántí ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹkùn: yíyọ́ tó ń yọ́ kì í ṣe ti ojo, ohun tí yóò jẹ ló ń wá.

Ilẹ̀ irú omi bẹ́ẹ̀ ni Alímọ̀ṣọ́ wa yìí. Ilẹ̀ Àwórì ni. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ògúnfúnminíre, tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́fin, ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀lé àwo kan tó ń léfòó lójú omi, àti pé inú “àwo rì” ni orúkọ Àwórì ti jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn náà ní ọdẹ ni Ọlọ́fin, orúkọ rẹ̀ sì wà lára Ìṣẹ́rí Ọlọ́fin ní Alímọ̀ṣọ́ títí dòní. Ẹ wò ó: ọdẹ ló ṣíwájú, omi ló júwe ọ̀nà. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ò lè ṣàìmọ bí wọ́n ṣe ń dúró nínú àkùrọ̀. Lóòótọ́, ẹran ńlá ni ọdẹ Yorùbá fi ń lórúkọ, ẹtu, ìgalà, ẹfọ̀n. Ẹyẹ kì í sọ ọdẹ di akọni. Àwọn ọmọdé ló sábà ń fi pańpẹ́ àti rọ́bà dẹ ẹ́, tàbí àtè, oje igi tó ń lẹ̀ mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ọdẹ ni ẹyẹ jẹ́. Ọmọ tó bá lè sún mọ́ lékèélékèé láìjẹ́ pé ó fò, ó ti ń mọ ọ̀nà tí yóò fi sún mọ́ ẹtu lọ́la.

Ibi tí òyìnbó ti wọ ìtàn yìí ni kakí. Aṣọ pupa ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀ lọ sójú ogun tẹ́lẹ̀, wọ́n á máa tàn yòò bí òdòdó. Ní 1846, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Harry Lumsden, tó ń kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jọ ní Peshawar, níbi tó jẹ́ ilẹ̀ Pakistan lónìí, wọ àwọn èèyàn rẹ̀ ní aṣọ aláwọ̀ eruku. Ìtumọ̀ kakí nínú èdè wọn náà nìyẹn: aláwọ̀ eruku. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn ọ̀gá tó gbà, àmọ́ nígbà tí ogun Gúúsù Áfíríkà fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 1899, kakí ti borí. Láàárín ìgbà yẹn náà, láti 1897, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tó sì fi kakí wọ àwọn ọmọ wa. Ṣé ẹ rí i? Ọgbọ́n tí gbérí ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ni òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, tó rán an ní yunifọ́ọ̀mù, tó sì gbé e padà wá fún wa bí ohun tuntun.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn ayàwòrán ló gbé e. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Abbott Thayer, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wo bí àwọ̀ ẹyẹ àti ẹranko ṣe ń mú kí wọ́n pòórá mọ́ ibi tí wọ́n wà. Ọmọ rẹ̀ Gerald kọ ìwé lé e lórí, ó jáde ní 1909. Nígbà tó di 1915, láàárín Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ilẹ̀ Faransé kó àwọn ayàwòrán jọ sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan, kí wọ́n máa fi ọ̀dà bo ìbọn ńlá àti ọkọ̀ lójú ọ̀tá. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ náà camouflage ti gba orúkọ kárí ayé. Ẹ̀yin akéwì, ẹ má fojú kéré ara yín o. Àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi tiwa ló kọ́kọ́ kọ́ ológun bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́.

Ogun kejì ló wá kan àwọn baba wa gbọ̀ngbọ̀n. Ìpín 81 àti 82 ti ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ jà ní Bọ́mà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Japan lúgọ dè wọ́n létí odò, wọ́n sì yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fara pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìlà àwọn ọ̀tá. Kí ló fi wọ́n pamọ́? Yunifọ́ọ̀mù kọ́. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló gbà wọ́n, tó bọ́ wọn, tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Fadoyebo padà sílé, ó dàgbà, ó darúgbó, ó sì kú ní 2012. Ìtàn rẹ̀ ń ti ọ̀rọ̀ àwọn baba wa lẹ́yìn: ẹni tó mọ ilẹ̀ ló lè fi èèyàn pamọ́.

Ní àsìkò ogun yẹn náà ni ohun tó pani lẹ́rìn-ín ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìjọba wọn ń wá aṣọ tí ọmọ ogun lè wọ̀ nínú igbó. Ẹni tó ya àmì rẹ̀ ni Norvell Gillespie, ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ̀wé nípa ọgbà òdòdó fún ìwé ìròyìn. Aṣọ náà jáde ní 1942, ó ní àmì tótòtó bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Apá kan rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, èkejì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n lè yí i dé ojú kejì bí ibi tí wọ́n wà bá yí padà. Àwọn ọmọ ogun orí omi wọ̀ ọ́ ja ogun ní erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì. Wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Faransé ní 1944, ó sì di wàhálà, torí pé ó jọ ti Jámánì. Àwọn ẹgbẹ́ ara wọn lè ṣì wọ́n yìn níbọn. Nígbà tí ogun parí, aṣọ náà ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ, wọ́n bá tà á lówó pọ́ọ́kú. Ta ló rà á? Ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n rà á débi pé orúkọ aṣọ náà yí padà: “duck hunter”, ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ, ni wọ́n ń pe àmì yẹn dòní. Ohun tí ológun kọ́ lára ẹyẹ, ọdẹ tún gbà á padà fi lépa ẹyẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ọrọ̀ ajé, ẹ wo ìlú Stuttgart ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ìlú ìrẹsì ni. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n ń jẹ́ kí omi bo oko, pẹ́pẹ́yẹ tó ń sá fún òtútù òkè àríwá á ya wọ́n bo ibẹ̀. Láti 1936 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje fífọn fèrè tó ń dún bíi pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀. Ní 1986, Bill Jordan ní Georgia dá Realtree sílẹ̀, Toxey Haas ní Mississippi sì dá Mossy Oak sílẹ̀. Wọ́n yé lo àmì tótòtó ti ológun, wọ́n ń ya èèpo igi, ewé àti ẹ̀ka sára aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ti ọdẹ ẹyẹ omi wá dé: èèsún, koríko ràkọ̀ràkọ̀, pòròpórò ìrẹsì. Ọdẹ ibẹ̀ á kọ́kọ́ wo oko tó ń lọ, kó tó mú aṣọ. Bí pòròpórò bá pọ́n, á mú èyí tó pọ́n. Bí ẹrẹ̀ bá ṣú, á mú èyí tó ṣú. Nínú ọdẹ ìgalà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ní kí ọdẹ wọ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa yìnbọn fún un. Wọn kì í sábà béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ, torí pé ẹyẹ á rí i láti ọ̀nà jíjìn.

Aṣọ tí wọ́n bá wọ̀ gbó ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ń dé Katangówà ní Abúlé Ẹ̀gbá, nínú Alímọ̀ṣọ́ wa níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ka òkìrìkà mọ́ ohun tí wọn ò gbọdọ̀ kó wọ̀lú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ yẹ ìdì aṣọ wò dáadáa. Láàárín jákẹ́ẹ̀tì òtútù àti sọ̀kòtò jín-ǹsì, ẹ lè bá ẹ̀wù kan pàdé tí wọ́n ya èèsún sí lára látòkè délẹ̀. Ẹni tó ń tà á ò mọ pé pẹ́pẹ́yẹ ló wà fún, ẹni tó ń rà á ò mọ̀. Àwọn méjèèjì á kàn ní, “Kámò ni.” Ó di ọ̀ṣọ́, ó di ohun tí wọ́n fi ń ṣe bíi ti àwọn olórin hip hop.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Láàárín 1966 sí 1979, àti láti 1983 sí 1999, ológun ló ń ṣèjọba lé wa lórí. Aṣọ tó yẹ kó fi èèyàn pamọ́ wá di aṣọ tí èèyàn ń wọ̀ kí gbogbo ayé lè rí i, kí wọ́n sì sá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti dorí kodò tó! Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun wọ yunifọ́ọ̀mù ológun tàbí aṣọ tó jọ ọ́, òfin náà sì nídìí, torí àwọn olè ti fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dá èèyàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òfin ti ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ yí inú gọ́tà lójú títì tàbí kí wọ́n fi bẹ́líìtì nà án. Ilé ẹjọ́ wà. Ṣọ́jà tó ń bínú kì í sì í dúró yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èèsún Arkansas ni tàbí àmì ti bárékè. Ká tó ṣàlàyé pẹ́pẹ́yẹ fún un, ìgbátí ti dé.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni kí ọdẹ ẹyẹ omi wọ̀ ní àkùrọ̀ wa, èsì mi ò gùn. Kó fi kámò ológun sílẹ̀ pátápátá. Kó wá aṣọ pẹlẹbẹ tí kò ní àmì, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ koríko gbígbẹ bó bá jẹ́ ẹ̀rùn, àwọ̀ ewé tó ti ṣú bó bá jẹ́ òjò. Kó má fi ọṣẹ tó ń mú aṣọ tàn yinrin fọ̀ ọ́. Kó fi fìlà bo iwájú orí, kó fi ẹrẹ̀ ra ẹ̀yìn ọwọ́, kó ṣẹ́ koríko ibẹ̀ gan-an bo ibùba rẹ̀. Kó ní ìwé àṣẹ ìbọn, kó sì jẹ́ kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ibi tó ba sí. Lẹ́yìn náà, kó jókòó jẹ́ẹ́. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, gbérí náà la padà sí.

Àmọ́ àkùrọ̀ dà? Títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Alímọ̀ṣọ́ wà, oko àti abúlé ló sì pọ̀ níbẹ̀. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní àwa 1,277,714 ló wà ní Alímọ̀ṣọ́; Ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó ní a ju 2,000,000 lọ. Gbogbo wa fẹ́ ibi tí a máa sùn. Típà ń da iyanrìn sínú irà, búlọ́ọ̀kù ń gorí ara wọn, Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò ti so pọ̀. Omi tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ń wá wọ pálọ̀ nígbà òjò. Ọ̀rọ̀ náà ọdẹ pàápàá, bí ẹ bá sọ ọ́ ní àdúgbò wa lónìí, ẹni tó ń fọn fèrè ṣọ́ géètì lóru ni ọ̀pọ̀ ń rò.

Bí àkùrọ̀ bá tán, àfi kí ọdẹ ẹyẹ omi wọ aṣọ aláwọ̀ búlọ́ọ̀kù. Ẹyẹ náà ò kúkú ní wá mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí ilẹ̀ bá lọ, àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a rìn á tẹ̀lé e: ibùba, ègùn, àtè, lúgọ. Àwọn àgbàlagbà tó mọ̀ wọ́n ṣì wà ní àwọn ilé àtijọ́ ní Ìkòtún àti Ìṣẹ́rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá kókó fún ìwé àṣekágbá yín, ẹ mú bíírò àti ìwé, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n wọ̀, kí ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ kámò lọ.